Bí mo ṣe ya àtẹ ìgbéyàwó àwọn ọmọbìnrin ààfin Pólándì, 1320 sí 1454

Orí Władysław Łokietek, tí wọ́n dé ládé ọba Pólándì ní Kraków ní 1320, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fa ìlà 7 sórí páálí fífẹ̀ kan, ìran kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Bírò pupa wà fún ẹ̀jẹ̀ Łokietek, búlúù fún ẹni tó bá ti ìta wọlé. Mi ò tẹ̀lé ọkùnrin nìkan, nítorí ọ̀nà yóò dí ní 1370 tí Kazimierz Kẹta, ọmọ Łokietek, kú láì fi ọmọkùnrin tó lè jọba sílẹ̀.

Orúkọ ló ń da àtẹ yìí rú jù. Elżbieta 8 ni mo bá pàdé, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà. Ẹni kìíní ni ọmọ Łokietek, tí Karol Robert ọba Họ́ngárì gbé níyàwó ní 1320. Ẹni kejì, ọmọ Kazimierz, lọ sílé ọkọ ní Pomerania ní 1343. Ọmọ tirẹ̀ ni ẹni kẹta, tí Olú-ọba Charles Kẹrin gbé níyàwó ní Kraków ní 1363. Ẹni kẹrin, ará Bósíníà, ni ìyá Jadwiga, obìnrin tó jọba Pólándì. Ẹni karùn-ún ni ọmọ Jadwiga tó kú ní ìkókó. Ẹni kẹfà ni aya kẹta Jagiełło, ọkọ Jadwiga tó di ọba Pólándì. Láìsí nọ́ńbà, wọn á yí mọ́ra wọn lójú ẹni.

Ọ̀pọ̀ ń kọ Jadwiga sábẹ́ Kazimierz bí ọmọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: Elżbieta kìíní bí Louis, Louis bí Jadwiga. Ìlà kẹrin ló bọ́ sí. Ìlà tó-tò-tó ni mo lò fún ìfẹ́sọ́nà, nítorí wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún William ará Ọ́síríà ní 1378, kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ìlà gbọọrọ ni mo fà sọ́dọ̀ Jagiełło, tó gbé e níyàwó ní oṣù kejì 1386.

Jadwiga kú ní 1399. Ní 1402 Jagiełło gbé Anna ará Celje, mo sì wá ìyá Anna lọ sókè: ọmọ Kazimierz ni. Ìlà kẹrin náà ni Anna wà! Ará Lituéníà ni Jagiełło, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ló gbé e dé orí ìtẹ́. Ìdílé kan náà ló tún padà sí.

Zofia, aya rẹ̀ kẹrin ní 1422, búlúù ni, òun ló sì bí àwọn ọmọkùnrin tó jọba. Ó dà bí ẹni pé pupa ti tán níbẹ̀. Ẹ má tíì dáwọ́ dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ Elżbieta kẹta: ó bí Zygmunt, Zygmunt bí Elżbieta keje, ìyẹn bí ẹni kẹjọ, tí Kazimierz Kẹrin, ọmọ Zofia, gbé níyàwó ní 1454. Ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa níhà Pomerania. Tèmi kò gba ìran mẹ́ta yẹn, páálí kejì ni mo lẹ̀ mọ́ ọn.