Bí mo ṣe gba ìwé ọ̀dà olójé, àti ohun tí mo bá nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́

Péńtà ni mí, Houston ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti kọ́ ilé ṣáájú 1978, o ò kàn lè gba owó kí o máa họ ọ̀dà ara ẹ̀ láìníwèé àṣẹ, torí òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead, lè wà nínú ẹ̀. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ló ṣòfin yẹn, látoṣù kẹrin 2010 ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan péré ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yẹn kí n tó gba ìwé àṣẹ, wákàtí 8, wákàtí 2 níbẹ̀ ọwọ́ wa la fi ń ṣe é, ká tó wá ṣèdánwò, ìbéèrè 25, tó o bá gba 70 nínú 100 o ti yege. Ọdún 5 ni ìwé yẹn máa lò kó o tó lọ tún un gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má ṣì í o: ti àtúnṣe ilé ni ìwé yìí. Tó bá jẹ́ torí kí òjé kúrò nílé pátápátá ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ fún yín, ọ̀tọ̀ nìyẹn, lébìrà á kọ́ ọ fún wákàtí 16, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn á kọ́ ọ fún 32. Kọ́ńpìnì náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tiẹ̀, tiyín ò lè dúró fún un.

Ìgbà tí mo wálé, mo bá ọmọkùnrin méjì lórí àkàbà, wọ́n ń fi sáńpépà họ fèrèsé ilé bàbá wa ní gbígbẹ, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1971 o, eruku funfun ń rọ́ sórí gbodo tí ìyá mi sá sísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọ̀kan ní, "Bùọ̀dá, ọ̀dà lásán ni." Mo ní òjé tó pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, ibi ìwakùsà wúrà lòun ti wá lóòótọ́, àmọ́ òjé yẹn náà ni, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́. A da gbogbo gbodo yẹn nù, inú ìyá mi ò dùn rárá.

Mi ò ṣàyẹ̀wò kankan, mo kàn gbà pé òjé wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo kó àwọn ọmọ lọ sílé kejì, mo ra ọ̀rá ńlá ní Tákíè, mo tẹ́ ẹ kúrò lára ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 10, mo fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀. A ti fèrèsé, a bomú, a ń wọ́n omi ká tó họ, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé iná sí i kó lè yá, mo ní rárá, iná á sọ òjé di èéfín tí wọ́n máa fà símú. Nígbà tá a parí, a ká ọ̀rá yẹn sínú kí èérún má dà sílẹ̀, a dì í pa, a sì dá aṣọ iṣẹ́ fọ̀.

Inú ilé ló gba sùúrù jù. A fi omi ọṣẹ nu ojú fèrèsé, mo wá fi aṣọ funfun tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí wọ́n fún wa ní kíláàsì láti fi mọ̀ bóyá ó ti mọ́, aṣọ yẹn dúdú ju káàdì lọ. A tún fọ̀ ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tó mọ́, ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wálé.