Ẹ Má Tíì Ra Eku: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Àjẹsára Bakitéríà

Láti Yábàá dé Akọkà, owó eku tí wọ́n fẹ́ fi dán àjẹsára wò ló ń kọ́kọ́ jáde lápò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú àjẹsára odindi sẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń fi òkú bakitéríà ṣe, irú èyí tí wọ́n ń gbé mu fún kọ́lẹ́rà. Ẹ dá owó yẹn padà sápò ná.

1. Fọ́málìn, omi tí ẹ máa fi pa bakitéríà, tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ohun funfun ti sùn sí ìdí rẹ̀ kò pé 37% mọ́. Ẹ má rà á, ì báà ṣe Ọ̀jọ́ta ni wọ́n ti ń tà á lọ́pọ̀.

2. Ẹ ka iye bakitéríà lórí agar, oúnjẹ dídì tí wọ́n ń hù lé lórí, kí ẹ tó pa wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń wo bí omi ṣe ṣú tó kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

3. Èyí ló ń bí wa nínú jù. Ẹ da fọ́málìn sí i, ẹ gbé e sí 37 °C di ọjọ́ kejì, ẹ kán díẹ̀ sórí agar, kò hù, ẹ ń jó. Ta ló ní wọ́n ti kú? Wọ́n dákú ni! Fọ́málìn tó bá ẹ̀kán yẹn rìn ni kò jẹ́ kí wọ́n hù. Ẹ fi centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí ìgò kíkankíkan kí bakitéríà lè sùn sí ìdí, fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi iyọ̀ tútù, ẹ wá gbé wọn sínú omi oúnjẹ bakitéríà fún ọjọ́ 14. Ẹ gbé ìgò kejì tì í: omi kan náà, òkú kan náà, àmọ́ ẹ fi alààyè tí kò tó 100 sí i. Bí ìyẹn ò bá hù, àyẹ̀wò yín fọ́jú nìyẹn. Ọrùn ìgò tí ẹ ti ń pa wọ́n ńkọ́? Ẹ̀kán tó ta sókè sẹ́bàá ìdérí kò bá fọ́málìn pàdé rárá. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò mímọ́ mìíràn kí àkókò pípa tó dé ìdajì. Ẹ má sì tìtorí ìbẹ̀rù da fọ́málìn bò ó. Tó bá pọ̀ jù, ó ń so ohun ara bakitéríà pọ̀, ojú tí ara máa kọ́ láti dá mọ̀ á ti yí padà.

Bó bá wá kan eku, tí ẹ sì po àjẹsára yín mọ́ álọ́ọ̀mù, èròjà tó ń ran àjẹsára lọ́wọ́ kí ara lè dáhùn dáadáa, eku tó gba álọ́ọ̀mù lásán gbọ́dọ̀ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Álọ́ọ̀mù yìí náà, ẹ má jẹ́ kó dì. 2 sí 8 °C ni. Iná á dé lóru, fíríìjì àlòkù á fà á kíkankíkan, ìgò tó fara ti ògiri ẹ̀yìn á di yìnyín, á sì ti yọ́ kí ẹ tó dé láàárọ̀. (Tiwa náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Bí ẹ bá fura, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú ìgò kan dì, ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ mi òun àti èyí tí ẹ ń fura sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ gbé wọn kalẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn bá ń sáré wálẹ̀ bákan náà, ẹ da èyí tí ẹ ń fura sí nù.