Bí A Ṣe Ń Yan Ohun Ìdì fún Òrí, Ọṣẹ Dúdú àti Ìpara Láì Ba Àyíká Jẹ́

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní Ìlọrin, tí àgbàrá gba inú gọ́tà lọ sí odò Asà, ẹni tó bá dúró lórí afárá yóò rí ọ̀rá, ìdérí àti ike ìpara tí omi ń gbé lọ. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ti àwa tí a ń po ìpara tà wà lára wọn.

Kí a tó náwó lórí ohun ìdì kankan, ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ìwà òróró yàtọ̀ sí ti ọṣẹ. Mo kọ́ èyí lára òrí tí mo fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ dì, tí mo sì gbé láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Kí ọkọ̀ tó kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, òrí ti yọ́, bébà ti mu ún yó, ìsàlẹ̀ páálí tí mo kó wọn sí ti rin gbingbin, n kò sì rí ìkankan tà nínú wọn. Òrí a máa rọ̀ bí ooru bá ti kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru oṣù Ẹrẹ́nà níhìn-ín sì máa ń kọjá 35.

Ìgò ni mo fara mọ́ jù fún òrí, àdí àti ìpara. Òróró kì í gba ara rẹ̀ jáde, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ sì ń dáàbò bo òróró lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kí ó tètè kan. Lóòótọ́ ó wúwo, ó sì ń fọ́, ṣùgbọ́n a lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà bí ó bá ń padà wá sọ́dọ̀ wa. Kí a ṣe bí àwọn tó ń ta mínírà ṣe ń ṣe: kí a gba owó ìgò lọ́wọ́ oníbàárà, kí a sì dá a padà fún un nígbà tó bá dá ìgò padà. Ìgò tó bá padà, kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a tò ó sínú ìkòkò omi tútù, kí a sì gbé e ka iná. Bí omi bá ti hó, kí a jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, kí a da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ títí yóò fi gbẹ pátápátá, nítorí pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá kù nínú rẹ̀ lè mú kí ìpara bu. Ìdérí tó ní rọ́bà nínú kò gbọdọ̀ bá a hó; sípíríìtì ni kí a fi nù ún.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú gba ìṣọ́ra. Eérú tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ agolo alumíníọ̀mù, nítorí náà, kí a fi agolo náà sílẹ̀ fún òrí àti ìpara tí kò ní omi. Ọṣẹ yìí tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bébà lásán kò sì lè gbà á dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ọ̀la ni a fẹ́ gbé e lọ, ewé eéran tí àwọn ìyá wa ń lò tó, òwú ni kí a fi dì í. Èyí tí yóò pẹ́ lórí àtẹ, inú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ló yẹ ẹ́. Ọṣẹ tó ti gbẹ, tó sì le, ni a lè fi bébà tí a ti fi ìda oyin pa lára dì: kí a yọ́ ìda nínú abọ́ tó wà lórí omi gbígbóná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára bébà tó nípọn, kí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí ìda yóò fi dì.

Ìkòkò kékeré tí àwọn amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele nílùú Ìlọrin ń mọ lẹ́wà púpọ̀, inú mi yóò sì dùn kí owó ohun ìdì wa máa wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí a kò fi nǹkan dán máa ń mu òróró, nítorí náà osùn lílọ̀ tàbí ọṣẹ líle ni kí a kó sí i. Bí òrí bá sì ni, kí ìgò kékeré wà nínú rẹ̀.

Kí a má ṣe jẹ́ kí ike tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà tàn wá. Èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe sábà máa ń nílò ibi tí wọ́n ti ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀, tó gbóná tó bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó tó jẹrà, kò sì sí irú ooru bẹ́ẹ̀ nínú gọ́tà. Bí ike bá di dandan, kí a mú èyí tó ní nọ́ńbà 1, 2 tàbí 5 nínú àmì onígun mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ irú kan ṣoṣo, láìsí pọ́ǹpù tó ní irin nínú, kí ó lè ṣeé yọ́ tún lò.

Ó wá ku àlẹ̀mọ́. Orúkọ ọjà, àdírẹ́sì wa, èròjà, ìwọ̀n, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí a fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a sè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, nítorí pé bí a bá ti rẹ ẹ́ sómi, yóò bọ́ láìsí ọ̀bẹ, kí a sì kọ ibi tí oníbàárà lè dá ìgò padà sí sí abẹ́ orúkọ wa gan-an.