Bí ẹ ṣe máa múra fún àyẹ̀wò PET láti Ìkòròdú

Àyẹ̀wò PET ni àwòrán inú ara tí wọ́n sábà máa fi ń wá jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ púpọ̀ ló ń jẹ ṣúgà ju sẹ́ẹ̀lì tó kù lọ. FDG, oògùn onítànṣán tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ fún yín, jọ ṣúgà. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kò dà, kò sì tètè jáde. Ibi tó bá kó jọ sí ló máa tàn nínú àwòrán. Ọpọlọ àti àpòòtọ̀ náà ń tàn, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má gbé àpò gàrí, ẹ má fọ aṣọ rẹpẹtẹ: iṣan tó ti ṣiṣẹ́ máa ń gba FDG. Wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán. Ẹ̀kọ mímu pàápàá, rárá o. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ju 200 mg/dL lọ, wọ́n sábà máa ń sún àyẹ̀wò náà síwájú, torí ṣúgà gidi á gba ọ̀nà mọ́ FDG lọ́wọ́. Ẹni tó ń gba ínsúlínì, kó béèrè àkókò rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ tètè jáde. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 kò mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú 110, ìdajì ìtànṣán FDG ti lọ. Ẹ mú súẹ́tà dání: bí òtútù bá mú yín, ọ̀rá ọrùn á gba FDG, á sì dà bíi kókó jẹjẹrẹ nínú àwòrán.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 60, láìsọ̀rọ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú, ẹ sọ kíá. FDG ń jò sínú ẹran ara nìyẹn. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀.