Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Owó Fáúńdéṣọ̀n fún Ètò Ìwé Kíkà Àwọn Ọmọ Kékeré ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ má tíì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín mọ̀ gan-an, kí ẹ sì ní in lákọsílẹ̀. Lẹ́tà tó ń sọ pé "àwọn ọmọ wa ò mọ̀wé kà" kún ọ́fíìsì àwọn fáúńdéṣọ̀n, ìyẹn àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìrànwọ́, fọ́fọ́. Èyí tí wọ́n máa ń dá lóhùn ni èyí tó sọ pé: nílé ìwé ìjọba mẹ́ta ní agbègbè Òrò, a dán ọmọ 60 wò ní kíláàsì kejì, 34 nínú wọn ò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà yẹn. Tiyín ni kí ẹ lọ wá. Gbogbo ohun yòókù nínú ìwé àbá tí ẹ máa fi tọrọ owó, orí rẹ̀ ló máa dúró lé.

Ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ orí ọmọ ló ń sọ irú ìdánwò tí ẹ máa lò. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà, IDELA ti àjọ Save the Children ló yẹ: ó ń wò bóyá ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń di ìwé mú, bóyá ó mọ lẹ́tà, bóyá etí rẹ̀ ń mú ìyàtọ̀ ìró, bóyá ìtàn tí wọ́n kà fún un yé e. EGRA, ìdánwò ìwé kíkà, wà fún ọmọ kíláàsì kejì àti ìkẹta: ìṣẹ́jú kan fún lẹ́tà tàbí sílébù, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré kan àti ìbéèrè lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣi gbogbo mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa jìyà lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi EGRA dán ọmọ jẹ́léósinmi wò. Òdo ni gbogbo wọn máa gbà, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ò sì ní rí ìtẹ̀síwájú kankan fi hàn, nítorí ìdánwò náà ga ju ọmọ lọ.

Ẹ má sì túmọ̀ EGRA Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gùn tó àti bó ṣe le tó kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú tiwa. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá kọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀, kí ẹ̀yà méjì wà, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí. Ẹ kọ èdè ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Òmù-Àrán lè máa sọ Ìgbómìnà nílé, ọmọ Gàḿbàrí ní Ìlọrin lè máa sọ Hausa, àwọn mìíràn Nupe. Bí ẹ ò bá ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹ máa pe ọmọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣòro fún ní ọmọ tí ò lórí pípé.

Ẹ má ní kí tíṣà yan ọmọ fún yín; àwọn tó mọ̀wé jù ló máa kó wá, tọkàntọkàn ni yóò sì fi ṣe é. Ẹ gba rẹ́jísítà. Bí ọmọ bá jẹ́ 60 ní kíláàsì, tí ẹ sì fẹ́ 20, ẹ mú orúkọ kẹta, kẹta, títí yóò fi pé. EGRA máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lórí ọmọ kan, nítorí náà èèyàn méjì lè dán 20 wò láàárín wákàtí méjì ààbọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé.

Ìyọ̀ǹda ní láti ṣáájú gbogbo èyí. Ẹ kọ̀wé sí SUBEB, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Ìlọrin, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé ìwé náà wà, kí ẹ sì rí SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti ará ìlú tó ń bójú tó ilé ìwé, fúnra wọn. Lẹ́tà tí SUBEB bá fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀; fáúńdéṣọ̀n yóò béèrè rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ilé ìwé náà wà nínú KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí ètò yẹn ti pín àkókò tíṣà láti àárọ̀ dé ìparí iṣẹ́. Ẹ máa rò pé ọ̀sán ló ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ń lọ ilé kéwú. Ẹ bá alùfáà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ aago kankan sínú ìwé. Ilé kéwú mìíràn á tilẹ̀ gbà kí ẹ lo gbọ̀ngàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún kan ìlànà ìjọba. Ìlànà Èdè Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2022 ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fagi lé e. Bí ìwé àbá àtijọ́ yín bá ṣì ń tọ́ka sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá ka orí ohun tí ìdánwò yín fi hàn. Ọmọ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tí wọ́n sì ní kó ti inú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìwé kíkà, iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì rù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ ọ́ gbangba, kí ẹ sì fi hàn bí ètò yín yóò ṣe mú un kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìwé ẹ̀rí

Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) lábẹ́ Apá F òfin iléeṣẹ́, CAMA 2020: ó kéré tán trọ́sítíì (alámòójútó àjọ) méjì, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá fẹ́ tako. Lẹ́yìn náà TIN (nọ́ńbà owó orí), ìwé ẹ̀rí SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin) tí báńkì máa béèrè kó tó ṣí àkáǹtì fún NGO, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, àkáǹtì náira àti àkáǹtì dọ́là lórúkọ àjọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni orúkọ. Bí CAC bá kọ "Initiative", tí báńkì kọ "Foundation", owó òkèèrè lè padà síbi tó ti wá. Ohun kejì ni ìjábọ̀ ọdọọdún sí CAC: bí ẹ ò bá fi í ránṣẹ́, ẹni tó bá wo orúkọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé ẹ kì í ṣe àjọ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tún kọ ìlànà ààbò ọmọdé tí ẹ̀ ń tẹ̀lé, àti fọ́ọ̀mù tí òbí máa fọwọ́ sí kí ẹ tó ya fọ́tò ọmọ tàbí kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 béèrè pé kí ẹ ní ìyọ̀ǹda.

Ta ni kí ẹ kọ̀wé sí?

Láti ìgbà tí USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kógbá wọlé ní 2025, àwọn àjọ ńláńlá tó ń gba owó rẹ̀ náà ti wá ń du owó fáúńdéṣọ̀n kéékèèké. Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí 40. Ẹ yan márùn-ún tó bá iṣẹ́ yín mu, kí ẹ sì mọ ìtàn ọwọ́ wọn.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà. Gbogbo fáúńdéṣọ̀n aládàáni ní Amẹ́ríkà ló ń fi fọ́ọ̀mù 990-PF ránṣẹ́ síjọba lọ́dọọdún. Ó ń dárúkọ ẹni tí wọ́n fún lówó àti iye rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ lè kà á lórí ìkànnì ProPublica. Ẹ ka ti ọdún mẹ́ta. Ṣé wọ́n ti fún àjọ Nàìjíríà rí? Èló ni wọ́n fún àjọ kékeré? Iye yẹn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe iye tí wọ́n fún yunifásítì. Bí ìkànnì wọn bá ní àwọn kì í gba lẹ́tà tí wọn ò béèrè fún, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Fáúńdéṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ràn yín ṣì ní láti fi hàn pé ẹ dà bí àjọ aláàánú tiwọn, ọ̀pọ̀ nípasẹ̀ NGOsource tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tàbí kó máa ṣọ́ owó náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè ìwé òfin àjọ yín àti ìṣirò owó ọdún bíi mélòó kan.

Ti Rotary, ẹgbẹ́ aláàánú tó ní kílọ́ọ̀bù káàkiri ayé, yàtọ̀. Ìwé kíkà àti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ wà lára ohun tí Fáúńdéṣọ̀n Rotary ń náwó sí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọ̀wé sí wọn tààrà. Kílọ́ọ̀bù kan níbí àti kílọ́ọ̀bù kan lókè òkun ló gbọ́dọ̀ jọ kọ ọ́, bọ́jẹ́ẹ̀tì global grant, ìyẹn owó ìrànwọ́ àgbáyé wọn, ò sì gbọ́dọ̀ dín sí $30,000. Ẹ lọ bá kílọ́ọ̀bù Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, kí ẹ sì mú èsì ìdánwò yín dání. Owó ìrànwọ́ kéékèèké ti ilé aṣojú Japan, ilé kíkọ́ àti ohun èlò ló sábà wà fún. Ẹ má kọ owó oṣù síbẹ̀.

Ẹ má fo ẹgbẹ́ ìlú dá. Ìkọ̀wé sí IEDPU, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìlọrin, Offa Descendants Union, tàbí Ọmọ Ìbílẹ̀ Ìgbómìnà lè má mú owó ńlá wá, ṣùgbọ́n yàrá kan, tábìlì, tàbí owó ọkọ̀ tí wọ́n bá dá sí i, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Fáúńdéṣọ̀n ń fẹ́ràn kí ìlú ti kọ́kọ́ na ọwọ́.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ, kì í ṣe láti orí owó. Bí àpẹẹrẹ: ilé ìwé mẹ́fà, ọmọ 40 níkọ̀ọ̀kan, 240 lápapọ̀. Ọmọ 20 fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ 12. Olùkọ́ kan fún ẹgbẹ́ méjì, olùkọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 nínú táàmù kan, táàmù méjì: ọjọ́ 72 fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 432 fún gbogbo wọn. Iye yẹn ni ẹ máa fi owó ọjọ́ kan sọ di púpọ̀. Ẹni tó bá kọ "owó olùkọ́" pẹ̀lú iye kan gbọ̀ngbọ̀n, láìsí ìṣirò, wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì ronú.

Ìwé: ìtàn 30, ẹ̀dà mẹ́wàá níkọ̀ọ̀kan fún ilé ìwé kan, 1,800 fún mẹ́fà. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún ìwé tó ya tàbí tó sọnù: 1,980. Ìtàn Yorùbá ọ̀fẹ́ wà lórí ìkànnì African Storybook. Wọ́n gbà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí orúkọ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka àyè tí wọ́n fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ san owó fún ẹni tó máa yẹ àmì ohùn wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ atẹ̀wé mẹ́ta. Kí àpótí irin kan wà fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbé lé bíríkì: ikán ń jẹ ìwé ju ọmọ lọ.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé: ìdánwò ìparí àti owó ọkọ̀ àwọn tó máa ṣe é, aṣàyẹ̀wò owó, owó báńkì, oúnjẹ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìdá 10 sí 15 nínú 100 fún ọ́fíìsì bọ́ sí i, bí fáúńdéṣọ̀n bá gbà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní náira, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ fi pààrọ̀ dọ́là àti ọjọ́ tí ẹ wò ó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náira sílẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ò ní ọjọ́ pàṣípààrọ̀ ti di ẹjọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Fífi ránṣẹ́, àti lẹ́yìn rẹ̀

Àfojúsùn kan ṣoṣo tó ṣe é wọ̀n sàn ju mẹ́fà lọ: "Nínú ọmọ 240, ìdá 60 nínú 100 yóò lè ka ìtàn onígbólóhùn márùn-ún ní òpin táàmù kejì." Bí aago ìparí bá jẹ́ 11:59 alẹ́ ní New York, aago márùn-ún sí mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni níbí, síbẹ̀ ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó lè gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́sàn-án kí owó tó wọlé. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kó má dúró di oṣù karùn-ún kó tó kọ̀wé.

Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn kan máa sọ ọ́. Bí owó bá dé, ẹ ka àdéhùn láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá ọjọ́ ìjábọ̀ àti bóyá ẹ lè gbé owó láti ìlà kan sí òmíràn láìtọrọ àṣẹ. Rìsíìtì ọjà Ìpàtà tí wọn ò tẹ orúkọ sí, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Ẹ dán ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà wò ní ìparí, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ kódà bí kò bá tó àfojúsùn, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ tó béèrè owó ọdún kejì.