Ẹ Ṣí Géètì O! Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Kọ́ Pápá Ìṣeré

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kábbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú. Gbogbo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ló fẹ́ kọ́ pápá ńlá báyìí. Iṣẹ́ pápá ni mo ń ṣe jẹun, owó tí wọ́n ń fi ṣòfò ń dùn mí.

Èkínní: ẹ má ka èrò ọjọ́ ìdíje, ẹ ka ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán. Ní Òlíńpíìkì 2012, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù gba èrò 17,500. Ìdíje parí, wọ́n tú àga ìgbà díẹ̀ kúrò, ó ku nǹkan bí 2,500, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 2014. Inú àwòrán ilé ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa yọ.

Èkejì: gbèsè. 1976 ni ìlú Montreal ní Kánádà gbàlejò Òlíńpíìkì. 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá tí wọ́n kọ́ fún un tán.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: àgádágodo. Àlejò lọ tán, wọ́n á ti géètì pa, "káwọn ọmọ má baà ba koríko jẹ́." Koríko wo? Ní ìlú kan lápá Ìjùmú, alága ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó gba Àbújá lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa ránṣẹ́ pè mí, èèsún ti ga ju òpó góòlù lọ, ewúrẹ́ nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ìta, lórí yangí, làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù! Koríko tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó sinmi, yóò gbilẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ tì pa, igbó ni. Ẹ jẹ́ kílé ẹ̀kọ́ lò ó láàárọ̀, kẹ́gbẹ́ àdúgbò lò ó nírọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ìnáwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi san owó agékoríko. Gbogbo ìpàdé ni mo ti ń pariwo ẹ̀, wọ́n ti sọ mí di Bàbá Géètì. Ìyàwó mi náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú kékeré nìyẹn. Pápá Sùúrùlérè, tí wọ́n fi gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ní 1973, di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti Àbújá, tí wọ́n kọ́ fún ti 2003, koríko ẹ̀ bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti gbin òmíràn.

Jẹnẹrétọ̀ ńlá? Ẹ má rà á. Bọ́ọ̀hòlù ni kẹ́ ẹ gbẹ́, kí koríko lè rómi mu.

Kẹ́ ẹ sì tó máa jà lórí orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ síwájú pápá, ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ná.