Bí mo ṣe gba àyẹ̀wò ADHD ní England, pẹ̀lú ẹ̀rí láti Abẹ́òkúta

Àwọn tó ń bi mí bí mo ṣe gba àyẹ̀wò ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlèpọkànpọ̀ tàbí àìlèjókòó jẹ́jẹ́ tó ń bá èèyàn láti kékeré, ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, ni mo bá ní kí n kó o síbì kan. England ni mo ń gbé, NHS, ètò ìlera ìjọba, ni mo sì bá ṣe gbogbo rẹ̀, n kò san owó àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland àti Wales, ẹ̀tọ́ tí mo lò láti yan ilé ìwòsàn kò dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìyá mi lè wúlò fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìwé tí àwọn dókítà fi ń ṣe òdiwọ̀n, DSM-5 tó jáde ní 2013, to àmì 9 sílẹ̀ fún àìlèpọkànpọ̀, ó tún to 9 mìíràn fún àìlèjókòó jẹ́jẹ́ àti ìwàǹwára. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 6 nínú apá kan. Fún ẹni tó ti pé ọdún 17, 5 ti tó. Ó gbọ́dọ̀ máa yọ èèyàn lẹ́nu níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́. Èyí tó wá le jù fún àwa tí a dàgbà sílé ni pé àmì náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 12. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí fún mi ní London nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà tí mo wà ní praimárì?

Ti GP, dókítà àdúgbò tí èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá, kò le púpọ̀. Mo tẹ ASRS jáde, ìbéèrè 18 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́wọ́ sí, mo sì dáhùn wọn. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò; bí 4 nínú rẹ̀ bá bọ́ sí àpótí tí wọ́n kùn dúdú, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo so lẹ́tà mọ́ ọn pé mo fẹ́ lo Right to Choose, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan ilé ìwòsàn tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú NHS, ibi yòówù kó wà ní England. Akọ̀wé tó jókòó níwájú ní àwọn kì í fi èèyàn ránṣẹ́ kúrò ládùúgbò. N kò bá a jà, mo ní kó ṣáà bá mi gbé lẹ́tà náà síwájú dókítà. Dókítà kà á, ó sì fi orúkọ mi ránṣẹ́. Kí ẹ tó yan ilé ìwòsàn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fúnni lóògùn tàbí àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ ẹni tó gba àyẹ̀wò tán tó tún lọ to ìlà mìíràn nítorí oògùn.

Lẹ́yìn ìdúró gígùn, fọ́ọ̀mù dé láti ilé ìwòsàn, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún òbí mi nípa ìgbà èwe mi. Tèmi kò gba wàhálà. Ti òbí ni ogun.

Mo pe Màámi lórí fídíò, mo ń ka ìbéèrè, mo ń túmọ̀. Ṣé ó máa ń dìde lórí ìjókòó rẹ̀ ní kíláàsì? "Rárá o." Ṣé ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn? "Ọmọ tèmi? Láéláé!" Bí a ṣe ń lọ, gbogbo rẹ̀ ń di rárá. Màámi kò sì purọ́. Láti àárọ̀ dọ̀sán ni tíṣà wa ń mú pàṣán dání, ta ló fẹ́ dìde? Ọmọ tó bá já lu ọ̀rọ̀ àgbà nílé wa, ó mọ ohun tójú rẹ̀ máa rí. Ọmọ tó ní àyè láti ṣe ìjọ̀ngbọ̀n ni fọ́ọ̀mù yẹn ń wá. Ó tún wá jọ lójú Màámi pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ọmọ òun kò pé, ìyá wo ló máa fọwọ́ sí ìyẹn?

Mo pa fọ́ọ̀mù tì. Mo ní, "Màámi, ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ máa ń rán mi níṣẹ́?"

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Èwo nínú rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́? Ti kẹrosíìnì ni àbí ti ẹran?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán mi lọ ra kẹrosíìnì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ayò, mo ń wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wá délé lọ́wọ́ òfo, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Sẹ́ẹ̀tà ilé ìwé, tẹ́ẹ̀mù kì í parí kí n má tíì sọ ọ́ nù. Tí ohun tí mo fẹ́ rà bá ju méjì lọ, wọ́n á sọ ọ́ dorin fún mi, kí n máa kọ ọ́ lọ títí dé Kútọ̀. Wọ́n wá sọ èyí tí n kò gbọ́ rí: bàbá wọn ti se ìsọ̀yè fún mi nígbà tí mo wà ní praimárì 3. Màámi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ pọ́nńbélé, ní kí n má kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kọ ọ́.

Ìyẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò dì mú jù. Ó ní ìdílé tó ń wá oògùn ìgbàgbé fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ti rí nǹkan lára ọmọ náà. Káàdì èsì ìdánwò tí Màámi kó sínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ibùsùn náà ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò mi ya fọ́tò wọn, olùkọ́ lẹ́yìn olùkọ́ ló kọ ọ́ pé orí mi pé ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í sí ní kíláàsì. Ẹ̀yin tí òbí yín kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ tètè béèrè ògbufọ̀, NHS ní wọn. Tó bá sì jẹ́ èmi ni mo ń ṣe fọ́ọ̀mù náà, ohun tí ẹbí máa ń ráhùn nípa ọmọ ni màá kọ́kọ́ béèrè.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ́. Wọ́n béèrè oorun, ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí, owó, ọkọ̀ wíwà, nítorí nǹkan mìíràn lè fara jọ ADHD. Ìlànà 2018 ti NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìwòsàn fún NHS, sọ pé èsì ìbéèrè orí ìwé nìkan kò tó láti fi pinnu. Ó tún sọ pé wọn kì í sábà dá a mọ̀ lára ọmọbìnrin àti obìnrin tó ní in. Èmi gbà á gbọ́: ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn kíláàsì tí ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Lálúpọn, ta ló máa pe òbí rẹ̀? ADHD ti àìlèpọkànpọ̀ ni wọ́n ní mo ní.

Oògùn ADHD kan tó ń jẹ́ lisdexamfetamine ni wọ́n fi mí sí, 30 mg ni ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kì í kọjá 70. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, nítorí wọ́n á máa béèrè ìfúnpá, ìlùkìkì ọkàn àti ìwọ̀n ara yín. Nínú ẹbí tiwa tí ìfúnpá gíga ti ń jà kiri, n kò fi ṣeré. Oògùn náà máa ń lé ebi lọ, nítorí náà ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín á ti wọlé kí n tó gbé e mì. Ẹ má sì jẹ́ kó ku kóróó méjì kí ẹ tó béèrè òmíràn. Ní September 2023, ìjọba fúnra wọn kéde pé oògùn ADHD ti ṣọ̀wọ́n jákèjádò Britain.

Nígbà tí ìwọ̀n oògùn bá ti dúró, ilé ìwòsàn á bẹ GP kó máa kọ ọ́ lọ. GP lè kọ̀, ẹ béèrè èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Níbi iṣẹ́, òfin Equality Act ti 2010, tó ní kí ibi iṣẹ́ ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tó ní àìlera, ni mo dì mú. Mo ní kí ọ̀gá mi máa fi ohun tí a bá sọ ní ìpàdé ránṣẹ́ sí mi ní kíkọ, kí wọ́n sì gbé tábìlì mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣe é, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ètò ìjọba kan tún wà, Access to Work, tó lè san owó ẹni tí yóò máa kọ́ yín bí ẹ ṣe máa to iṣẹ́ yín. Ẹ lè béèrè rẹ̀ kódà kí àyẹ̀wò tó jáde.

Bí ẹ bá ń lọ sílé ní December, oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni eléyìí. Ẹ gba lẹ́tà dókítà dání, ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì gbé tó oògùn oṣù mẹ́ta láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Inú páálí tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ ni kó wà, nínú báàgì ọwọ́.